Ọ̀gán, Ṣéènì àti Òrùlé Ọjà: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Nínú Ìyàwòrán Ilé

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ yìí wà ní ọdún kẹrin nínú ẹ̀kọ́ ìyàwòrán ilé ní yunifásítì kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, èmi sì ni olùkọ́ tí wọ́n yàn láti máa tọ́ ọ sọ́nà ní stúdíò. Iṣẹ́ tí a gbé fún kíláàsì wọn ni òrùlé fún ìsọ̀ àwọn oníṣu àti àwọn aláta nínú ọjà kan ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn òǹtajà ti ń jókòó lábẹ́ páànù tó lọ sílẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ooru sì máa ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ohun tí a bèèrè kò ju kí ibẹ̀ tutù, kí òjò má ba ọjà jẹ́, kí káfíńtà àti wẹ́dà àdúgbò sì lè kọ́ ọ. Mo kọ àkọsílẹ̀ yìí nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ fi ohun kan hàn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í rí títí wọ́n fi ń gboyè jáde. Bí ayàwòrán-ilé bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n lára ẹ̀dá, òfin tí ẹ̀dá náà ń tẹ̀ lé ni kí ó wá, kí ó fi ìrísí rẹ̀ sílẹ̀; kọ̀ǹpútà tí a sì fi ń ṣe ìyàwòrán tí wọ́n ń pè ní parametric, èyí tí nọ́ńbà àti òfin ń darí, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí ó bá wa di òfin náà mú nígbà tí ìwọ̀n bá ń yí padà.

Àwòrán tó ti kó jọ sórí fóònù rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ilé Heydar Aliyev tí ayàwòrán-ilé Zaha Hadid yà fún ìlú Baku, olú ìlú Azerbaijan, tí wọ́n parí ní 2012, ló pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú òrùlé funfun tó gbéra nílẹ̀ tó sì lọ sókè láìní igun kankan. Ó ti gbé Rhino, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán, sórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ṣe é ń gbà kí èèyàn dán wò fún 90 ọjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń fi YouTube kọ́ ara rẹ̀ ní Grasshopper nígbàkígbà tí iná bá wà. Grasshopper yìí, tó ń ṣiṣẹ́ nínú Rhino, tí David Rutten sì bẹ̀rẹ̀ ní 2007, yàtọ̀ sí àwọn ètò ìyàwòrán tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń lò ó kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà. Àpótí kéékèèké ló ń tò sójú kọ̀ǹpútà, tí yóò sì fi okùn so wọ́n pọ̀: àpótí kan á gba nọ́ńbà, èkejì á sọ nọ́ńbà náà di òpó, ẹ̀kẹta á tẹ́ òrùlé lé òpó lórí. Bí èèyàn bá fa nọ́ńbà àkọ́kọ́ láti 3 lọ sí 4, gbogbo ohun tó so mọ́ ọn ni yóò tún ara wọn yà lójú ẹsẹ̀. Agbára ńlá ni. Ṣùgbọ́n ètò náà kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tí nọ́ńbà kan fi yẹ ní fífà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Òrùlé àkọ́kọ́ tó gbé wá kún fún ihò láti etí dé etí. Ìlànà Voronoi ló fi pín in, èyí tó máa ń pín ojú ilẹ̀ láàárín àwọn ààmì kan kí ibi gbogbo lè jẹ́ ti ààmì tó súnmọ́ ọn jù lọ. Mo bi í pé kí ni àwọn ihò náà ń ṣe. Ó ní, “Sà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyẹ́ lámilámi ṣe rí.” Mo tún bi í pé níbo ni òjò yóò gbà. Kò dáhùn, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí a tún pàdé, ó ti pa òrùlé náà tì, ọ̀gán ló sì fẹ́ kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀.

Ọ̀gán kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa, ilẹ̀ oko tó wà lẹ́yìn yunifásítì náà sì ní i. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ wọn gíga wọn, ó ya fọ́tò, ó sì padà wá pẹ̀lú ìtàn tí gbogbo ìwé ìyàwòrán ilé ń sọ nípa ilé Eastgate ní Harare, olú ìlú Zimbabwe. Mick Pearce ló ya ilé náà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ Arup bá a ṣe é, wọ́n sì ṣí i ní 1996. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ooru tó ń jáde lára àwọn ikán àti olú tí wọ́n ń gbìn máa ń gòkè gba inú ọ̀gán jáde, kí afẹ́fẹ́ tútù lè gba ìsàlẹ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Martin Lüscher, onímọ̀ nípa ikán, ló ṣàlàyé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ní 1961. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti wá ya òpó ihò gbọọrọ kan sí àárín òrùlé ọjà, ó ga fíofío, ó sì jọ ọ̀gán lóòótọ́.

Mo fún un ní ìwádìí méjì kà, mo sì gbà pé àwọn méjèèjì ló yí iṣẹ́ náà padà ju ohunkóhun tí mo fi ẹnu sọ lọ. Èkíní ni iṣẹ́ Scott Turner àti Rupert Soar, tí wọ́n gbé jáde ní 2008 lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ọ̀gán irú ikán kan tí wọ́n ń pè ní Macrotermes michaelseni wò ní Namibia. Wọ́n rí i pé ìwọ̀n ooru inú ilé ikán ń tẹ̀ lé ti ilẹ̀ tó yí i ká bí ọdún ṣe ń yí lọ, àti pé òkìtì tó wà lókè kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ bí ojú èéfín. Ohun tó ń ṣe sún mọ́ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró: afẹ́fẹ́ ìta tó ń fẹ́ tó sì ń dáwọ́ dúró ló ń ti èémí inú rẹ̀ síwá sẹ́yìn, tí tuntun fi ń bá ti àtijọ́ pò. Eastgate ṣì ń tutù, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni pé Harare wà lórí ilẹ̀ tó ga ju 1,400 mítà lọ sí ojú òkun, òru ibẹ̀ tutù, àwọn fáànù sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ òru náà gba ara kọnkéré tó nípọn kí ó lè tutù de ọ̀sán. Òru Ìbàdàn lọ́ wọ́ọ́wọ́, ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé Eastgate wá síbí, ojú èéfín lásán ló gbé wá.

Ó tún ku ìṣirò. Bí ooru ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sókè nínú ihò gbọọrọ kò pọ̀ sí i ní ìlọ́po kan náà pẹ̀lú gíga ihò náà: bí a bá sọ gíga di ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá kò ní ju nǹkan bí 1.4 ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lábẹ́ òrùlé ọjà tí kò ní ògiri, níbi tí ooru inú àti ti ìta kò ti fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, èrè rẹ̀ kéré gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ nínú Grasshopper, ó fa gíga náà lọ sókè sódò, ó sì yọ òpó ihò náà kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ìwádìí kejì ni èyí tó jẹ́ ọkàn iṣẹ́ yìí lójú tèmi. Judith Korb àti Eduard Linsenmair yẹ ọ̀gán irú ikán mìíràn, Macrotermes bellicosus, wò ní ọgbà ẹranko Comoé ní Côte d’Ivoire. Nínú ọ̀dàn, níbi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀, àwọn ikán yìí ń kọ́ ọ̀gán tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó ní ṣóńṣó àti ihà púpọ̀. Nínú igbó etí odò, níbi tó tutù, irú ikán kan náà ń kọ́ ọ̀gán kúkúrú tó rí roboto, tí ara rẹ̀ sì nípọn. Olú wọn ń fẹ́ ooru tí kò jìnnà sí dígíríì 30, bẹ́ẹ̀ ni èémí burúkú gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ara tó nípọn ń pa ooru mọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí èémí jáde dáadáa, ara tó fẹ́lẹ́ tó sì ní ihà sì ń ṣe ìdàkejì. Òfin kan ni, ìwọ̀n ooru àyíká ló yàtọ̀, ìrísí méjì ló sì ti ibẹ̀ jáde. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ka èyí tán, ó wò mí, ó ní, “Sà, Grasshopper ni wọ́n ń lò yìí o.” Láti ọjọ́ náà, kò tún bi mí mọ́ pé irú ìrísí wo ni kí òun yà.

Ó tún fáìlì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí oòrùn. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí dígíríì 7.4 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà oòrùn ọ̀sán máa ń ga dé nǹkan bí dígíríì 59 ní ìhà gúúsù nígbà tó bá lọ sílẹ̀ jù ní oṣù Kejìlá, yóò sì wà ní dígíríì 74 ní ìhà àríwá ní oṣù Kẹfà. Bí ẹnu ìsọ̀ bá ga ní mítà 2.4, etí òrùlé gbọ́dọ̀ yọ síta ní nǹkan bí mítà 1.4 ní gúúsù kí òjìji lè dé ilẹ̀, àmọ́ sẹ̀ǹtímítà 70 ti tó ní àríwá. Níbi tí ọ̀pọ̀ òrùlé ọjà wa ti ń yọ etí kan náà síta yíká, tirẹ̀ ti yàtọ̀ láti ìhà kan sí èkejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ kí ó lẹ́wà. Ìwọ̀-oòrùn ló le. Ní oṣù Kẹta, nígbà tí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ku díẹ̀, oòrùn ti wá sílẹ̀ dé nǹkan bí dígíríì 30, etí òrùlé tí yóò sì dá a dúró gbọ́dọ̀ yọ ju mítà 4 lọ. Kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ lówó pọ́ọ́kú. Ohun tó ṣe ni pé ó fi pákó tín-ín-rín dábùú ìhà náà láti òkè wá sí àyà èèyàn, ó sì jẹ́ kí fáìlì náà pinnu bí àlàfo àárín wọn ṣe fẹ̀ tó, kí oòrùn má wọlé kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni mo rán an padà sí ọjà, nítorí pé fáìlì ojú ọjọ́ tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ fún un pé afẹ́fẹ́ Ìbàdàn ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ó sì ti fẹ́ kọjú ihò tí ooru yóò gbà jáde lórí òrùlé sí ìlà-oòrùn kí òjò má baà gba ibẹ̀ wọlé. Ó jókòó ti àwọn ìyá oníṣu, ó bi wọ́n pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, apá ibo ni ìjì ti máa ń wọlé bá yín?”

Ìyá kan na ọwọ́ sí ìlà-oòrùn. “Ọ̀hún ni, ọmọ mi. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú lọ́hùn-ún, kí a tó palẹ̀ mọ́, ó ti dé. Ooru ò pa iṣu tó òjò. Iṣu tí omi bá ti ta sí, a ò rówó ẹ̀ mọ́.”

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìyá náà sọ. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lójoojúmọ́ ní àsìkò òjò ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ṣùgbọ́n àwọn ìjì ńlá tó ń ṣáájú òjò líle ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ìṣirò àròpín inú fáìlì sì ti gbé wọn mì. Nípa bẹ́ẹ̀, òfin méjì dojú kọ ara wọn. Ihò tí ooru yóò gbà jáde lórí òrùlé gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí ìlà-oòrùn nítorí ìjì, síbẹ̀ bí ó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò gba ibẹ̀ wọlé. Mo ka ibi yìí sí ibi tó ti di ayàwòrán-ilé. Ó pín òrùlé sí ìpele méjì, ó sì jẹ́ kí èyí tó wà lókè yọ bo èyí tó wà nísàlẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn: fún ihò tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 40, ìyọsíta tó jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 70 ti tó láti dá oòrùn dígíríì 30 dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ihò kò tóbi tó, tó sì fà á pọ̀ sí i, ìyọsíta náà yóò gùn pẹ̀lú rẹ̀ láìjẹ́ pé a tún ìṣirò ṣe.

Nípa ìrísí igi tó gbé òrùlé, ṣéènì ìbọrùn olówó pọ́ọ́kú kan ló fi kọ́ ọ. Ó kan ìṣó méjì mọ́ ojú pákó, ó fi ṣéènì náà kọ́, ó ya fọ́tò, ó sì dorí fọ́tò náà kodò. Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ ọ́ láti 1675 pé bí ohun tó rọ̀ ṣe ń so rọ̀ ni ohun tó le yóò ṣe dúró bí a bá yí i dorí kodò: ṣéènì tó so rọ̀, fífà nìkan ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà òrùlé tó bá gba ìrísí yẹn yóò máa fi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìkan gbé ẹrù ara rẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì tó o. Ayàwòrán-ilé Antoni Gaudí lo okùn àti àpò kéékèèké tó kún fún hóró òjé fún ṣọ́ọ̀ṣì Colònia Güell nítòsí Barcelona, iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró ní 1914 nígbà tó jẹ́ pé ìpele ìsàlẹ̀ nìkan ló tíì parí. Ayàwòrán-ilé Frei Otto tún fi ọ̀nà kan náà wá ìrísí gbọ̀ngàn Multihalle ní Mannheim, Jámánì, ní 1975, níbi tí igi tí ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ ti bo àyè ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lo Kangaroo, ètò tí Daniel Piker ṣe, láti so ṣéènì rẹ̀ rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo ní kí ó má ju ti orí pákó nù. Nígbà tó bá sún ìṣó kan mọ́ èkejì, ọwọ́ rẹ̀ ń mọ ohun tí fáìlì náà ń ṣe.

Káfíńtà àgbà tí a bá ṣiṣẹ́ ló wá fi kún òfin náà. Nígbà tó rí àwòrán igi gígùn tó tẹ̀ náà, tí kò sí méjì tó jọra nínú wọn, ó ní, “Ọmọ mi, igi tí wọ́n ń tà fún wa ò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ. Èwo ni màá gé dé ibí yìí? Ìwọ̀n mélòó ni màá gé?”

Ó dá a lóhùn pé, “Bàbá, báwo ni ẹ̀yin ìbá ṣe ṣe é?”

Bàbá náà mú pákó kéékèèké mẹ́ta, ó tò wọ́n lé ara wọn kí ojú ìsopọ̀ wọn má baà bọ́ sí ibì kan náà, ó sì kàn wọ́n pọ̀ di igi kan tó tẹ̀. Philibert de l’Orme ti kọ̀wé nípa irú ọgbọ́n yìí ní ilẹ̀ Faransé ní 1561, pé a lè fi pákó kúkúrú tí ojú ìsopọ̀ wọn kò pàdé kọ́ òrùlé tó gbòòrò. Káfíńtà wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà padà sí fáìlì, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò sí pákó tó gbọ́dọ̀ ju mítà 3.66 lọ, àti pé ìtẹ̀kọrọ̀dọ̀ gbogbo igi òrùlé gbọ́dọ̀ jáde láti inú ìwọ̀n páálí mẹ́ta péré, tí káfíńtà yóò máa gbé lé pákó láti fi gé e. Wẹ́dà tó ń bá wọn ta páànù tún sọ fún un pé long span lè tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà kan, kò lè tẹ̀ sí ìhà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn náà wọ inú òfin. Òrùlé tó ti inú gbogbo èyí jáde kò ní ìrísí abàmì kankan mọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun tó ti yà tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó bi í pé níbo ni ọ̀gán wà nínú àwòrán rẹ̀, nítorí pé òun kò rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣàlàyé gùn. Ó ṣí láptọ́ọ̀pù, ó sì yí ibi tí ọjà náà wà láti Ìbàdàn sí Kánò, tó wà ní nǹkan bí dígíríì 12 sí àríwá. Etí òrùlé ìhà gúúsù na ara rẹ̀ síta láti mítà 1.4 dé nǹkan bí mítà 1.7, ti àríwá sì sún sẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà bọ́ síwájú láti wò ó dáadáa, ó sì bèèrè bóyá fáìlì náà mọ̀ pé eruku ọyẹ́ pọ̀ ní Kánò ju ti Ìbàdàn lọ. Ó ní, “Rárá, sà, kò tíì mọ̀ ọ́n.” Wọ́n fún un ní máàkì tó dára, wọ́n sì ní kí ó kọ́ igun kan nínú òrùlé náà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an kí ó tó kọ ìwé àṣekágbá.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni wọ́n kọ́ igun náà sí. Òjò ti pa á, kò jò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn pákó gbẹ, wọ́n sún kì, ojú ìsopọ̀ kan sì là tó ìbú ìka. Ohun tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà báyìí ni bí yóò ṣe fi ọ̀rinrin inú igi kún àwọn ìwọ̀n tí fáìlì ń gbà, kí àlàfo tí káfíńtà yóò fi sílẹ̀ nígbà òjò lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀rùn. Káfíńtà náà kò dúró dè é. Ó ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tún tẹ ìwọ̀n páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà fún òun, nítorí pé ẹnì kan tó ń sin adìẹ ti ń bèèrè irú òrùlé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.